Ẹ mà ti fúyẹ́ o

"Màmá, ẹ mà ti fúyẹ́ o." Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ láàárọ̀ nìyẹn, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ kílò 48 sínú káàdì, ó pe ẹlòmíì. Títí di báyìí, ó ṣì ń ró létí mi.

Ọjà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iná tí wọn ò mú wá. Ilẹ̀ ṣú.

Nírọ̀lẹ́, àbígbẹ̀yìn mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé: kí wọ́n wá ìwọ̀n ẹnì kan lórí òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò fi ṣe é bí kò ṣe ìyá àgbà rẹ̀? Òṣùpá, kílò 8. Mars, 18. Mercury náà, 18, bó tilẹ̀ kéré sí Mars, torí irin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Saturn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wúwo ju ayé wa lọ ní ìlọ́po 95, síbẹ̀ bíi kílò 51 péré ni Màmá máa jẹ́ níbẹ̀. Ó fẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ jìnnà réré sí àárín rẹ̀, òòfà rẹ̀ tó ń fa nǹkan mọ́lẹ̀ á sì ti rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

"Màmá àgbà, ẹ ó máa fò lórí òṣùpá!"

Mo fẹ́ bá a wí. Màmá ló rẹ́rìn-ín, ó ní níbo wá ni òun ti máa wúwo jù. Jupiter, bíi kílò 121. "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ nígbà náà." Ọmọ ní kò sílẹ̀ níbẹ̀, gáàsì ni, orí ìkuukùu ni wọ́n ti ṣírò kílò yẹn. "Kò sílẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún ọmọ pé ara kì í dín lórí òṣùpá, òòfà ló dín. Màmá á pé síbẹ̀ bó ṣe pé níbí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ọ̀fun mi dí. Ayé yìí náà la wà. Òòfà rẹ̀ kò yí padà láti oṣù kẹta tí wọ́n kọ 61 sínú káàdì kan náà.

Ẹ mà ti fúyẹ́ o. Mo bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn. Rárá, n kò bínú sí i, ohùn rẹ̀ tutù, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bóyá torí ó sọ ọ́ sójú Màmá ni. Bóyá torí pé èmi tí mo máa ń gbé e wọ mọ́tò ti mọ̀ tipẹ́, n kò sì lè fẹnu sọ ọ́.

Ní 1971, David Scott, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó dé orí òṣùpá, ju òòlù àti ìyẹ́ àṣá sílẹ̀ lórí òṣùpá, wọ́n kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó máa dá èyí tó fúyẹ́ dúró. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀ lálẹ́ yìí…

Ó jẹ àmàlà. Òkèlè méje, mo kà á. Ó ní lọ́la, gbẹ̀gìrì ni kí n sè, kí n má fi ata pọ̀.