Kí ẹ tó ra póní ìbílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo koríko

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ fara dà á. Mo mọ ibi tí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á wà: ẹ ti dàgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ara yín kò fúyẹ́, owó yín kò tó bọ́ ẹṣin méjì, ẹ sì ń wá ẹyọ kan tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Kó gun òkè, kó fo igi kékeré, kó dúró jẹ́ẹ́ létí títì nígbà tí katakata bá ń kọjá.

Ẹ ra póní ìbílẹ̀, ẹṣin kúkúrú tó jẹ́ ti Britain àti Ireland láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tójú mi rí, n kò yí ohùn padà.

Highland, irú póní ìbílẹ̀ kan láti Scotland, ni èmi rà, abo, tó ní ìlà dúdú gbọọrọ lórí ẹ̀yìn láti gọ̀gọ̀ dé ìrù. Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń pè é. Nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, bùrọ̀dá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde bi mí pé ṣé ọmọ ẹṣin ni. Ẹ mọ̀ wá, ẹni tó bá ti rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tó ń jó lábẹ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, kò ní ka ẹṣin kúkúrú sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kúkúrú yàtọ̀ sí aláìlágbára. Níbí, ẹṣin tí kò bá ti ga ju sẹ̀ǹtímítà 148 lọ, póní ni wọ́n ń pè é, Highland sì lè ga tó bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ru àgbọ̀nrín tí ọdẹ pa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Scotland, òkú ẹran tí kò lè bá a gbé ara rẹ̀ rárá. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ẹni tó ń gùn ún, pẹ̀lú gàárì àti bàtà rẹ̀, má ṣe ju ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ẹṣin lọ. Póní tó bá wúwo tó kílò 500 yóò gbé kílò 100. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín, èmi ti ṣe tèmi, n kò sì ní sọ iye rẹ̀ níbí.

Bí Highland kò bá wù yín, Fell wà, tó kéré díẹ̀ sí i. Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ń gùn ún nígbà tó ti lé ní ẹni 90 ọdún. Dales wà, tó ń ru òjé láti ibi ìwakùsà láyé àtijọ́. Connemara dára fún ẹni tó fẹ́ràn fífò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹṣin tí ara rẹ̀ yá gágá, kó wá Welsh Cob. Kí ẹ bèèrè àyẹ̀wò àrùn àjogúnbá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta Fell, Dales tàbí Connemara. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ koríko ló kù.

Oṣù Karùn-ún ni. Oko màlúù ni ilẹ̀ ibi tí mo ń sanwó pé kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, koríko ryegrass ló kún ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n ajílẹ̀ sí kí wàrà lè pọ̀. Mo sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dà á sí pápá ńlá. Mo tún fi sórí WhatsApp wọn, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, kí ẹni tó bá ń sọ pé n kò sọ̀rọ̀ wá wò ó. Mo lọ síṣẹ́ alẹ́. Ẹnìkan rí Àbẹ̀kẹ́ nínú ọgbà kékeré rẹ̀ tí koríko ti tán, àánú ṣe é, ó sì ṣílẹ̀kùn pápá ńlá fún un.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ojú kan ló dúró sí. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, ó fi gbogbo ara tẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Mo pè é, etí rẹ̀ mì, ẹsẹ̀ kò kúrò. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná. Mo fi ìka wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó máa ń ṣòro láti rí lára ẹṣin tí ara rẹ̀ dá. Ó ń lù gbàgbà. Mo rọra fa okùn, ó kérora. Òógùn bo àyà rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó wá gbé orí lé mi láyà, ó tẹ̀ mọ́ mi. Mo ń pe dókítà ẹran, ọwọ́ mi kò dúró lórí fóònù. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn dúró lẹ́yìn mi, ó ń ní ebi ló ṣáà ń pa á. N kò dáhùn. Ká ní mo dáhùn ni, ọlọ́pàá ni ì bá là wá.

Laminitis ni. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó so egungun mọ́ èèpo pátákò nínú ló ń já, egungun náà á wá máa yí sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya x-ray, tirẹ̀ ti yí. Dókítà ní bó bá tún yí sí i, abẹ́rẹ́ tí kì í jí mọ́ ló kù. Mo ní kó tún un sọ.

Kò yí mọ́. Oògùn ìrora, ibùsùn tó nípọn, koríko gbígbẹ tí a rẹ sómi kí ṣúgà rẹ̀ lè ṣàn dànù, ẹni tó ń gé pátákò tó mọṣẹ́. Mo ti ń gùn ún padà.

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi jẹ́ póní ìbílẹ̀ gan-an lèyí ń bá jà jù. Orí òkè, níbi tí oúnjẹ kò ti tó, ni wọ́n ti wá. Ara wọn ń rí oúnjẹ nínú ohun tí ẹṣin ńlá kò ní fojú wò. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ nínú koríko, insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, á ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òun ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ lè pa ẹṣin: èṣìnṣìn tsetse kò jẹ́ kí ẹṣin wọn pẹ́ nínú igbó ìsàlẹ̀. Níbí, ilẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Kódà láàárọ̀ tí yìnyín bá bo ilẹ̀ tí oòrùn sì ń ràn, koríko náà kún fún ṣúgà, nítorí oòrùn ń ṣe é, òtútù kò sì jẹ́ kí koríko dàgbà kó lò ó.

Ẹ máa fọwọ́ tẹ òkè ọrùn rẹ̀, bó bá le gbandi, ọ̀rá ti pọ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń bo ẹnu rẹ̀ kó má lè jẹ púpọ̀. Àwọn kan á ní ìwà ìkà ni. Wọn kò tíì rí ẹṣin tó ń kérora. Gàárì ńkọ́? Ẹ̀yìn Highland fẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n, kó sì tún un wọ̀n bó bá ti sanra nítorí koríko. Ẹ rí i, orí koríko náà la tún padà sí.

Kí ẹ tó sanwó póní kankan, ẹ lọ wo pápá tó máa gbé lóṣù Karùn-ún, ẹ má ṣe lọ ní Oṣù Kejìlá tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ bi onílẹ̀ pé ìgbà wo ló fọ́n ajílẹ̀ síbẹ̀ kẹ́yìn, àti pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pápá bí ẹ kò bá sí nílé.