Etí Aṣọ Tí Kò Tọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí òfì ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ìdánrawò ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Èmi àti ẹnìkan ni a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ń ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ, láìwo ọwọ́, nígbà tí òwú ṣì ń já mọ́ èmi lọ́wọ́. Ẹ̀bùn nìyẹn, n kò ní parọ́ fún yín pé kò sí i. Mo wá ń hunṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, mo rò pé bí mo bá ti ń pẹ́ sí i nídìí rẹ̀ ni yóò máa dára sí i. Ọdún kan kọjá, etí aṣọ mi ṣì ń wọ́ bí ipa ejò. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi jókòó tì mí ló tó rí i pé ọwọ́ òsì mi ń fa òwú le ju ọ̀tún lọ. Ó ní kí n máa hun ìwọ̀n igbọ̀nwọ́ kan péré lójúmọ́, kí n sì máa fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kọ̀ bá kọjá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ó sì nira fún mi ju gbogbo iṣẹ́ ọdún náà lọ. Ṣùgbọ́n etí aṣọ mi tọ́.

Ó pẹ́ kí n tó ka iṣẹ́ ìwádìí Anders Ericsson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń di ọ̀jáfáfá. Ní ọdún 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn tí ń kọ́ fáolíìnì ní Berlin, àwọn èèyàn sì sọ wákàtí 10,000 inú rẹ̀ di òfin, pé ẹni tó bá ti fi iye wákàtí yẹn dánra wò yóò di ọ̀jáfáfá. Ericsson kò gbà bẹ́ẹ̀: ìpíndọ́gba wákàtí tí àwọn tó dára jù nínú wọn fi dánra wò lásán ni iye náà, ìdánrawò tó dojú kọ ohun tí a kò tíì lè ṣe ni ó ń tẹnu mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, òun àti William Chase, olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti fi wákàtí tó lé ní 200 kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà méje ló ń rántí tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá kà wọ́n sí i létí tẹ̀léra, títí ó fi ń rántí nǹkan bí 80. Wọ́n wá ka lẹ́tà sí i létí dípò nọ́ńbà, ó padà sí bíi mẹ́fà. Èyí yé mi dáadáa, nítorí ọjọ́ tí mo kúrò lórí aṣọ gbọọrọ tí mo bọ́ sórí aṣọ ọlọ́nà, ọwọ́ mi tún di ti ọmọdé, ẹnìkejì mi ló sì tún kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé aṣọ yín wá fún mi, ẹ má tíì sọ iye igbọ̀nwọ́ tí ẹ hun. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tó ti wọ́ hàn mí.