Wákàtí Tí À Ń Gbà Lọ́wọ́ Ilé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì básíkẹ́ẹ̀tì nílé ẹ̀kọ́ wa. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti fi ìwé rán àwọn ọmọ sílé, mo sì ti fi ohùn ara mi ṣàlàyé ní Yorùbá lórí WhatsApp àwọn òbí, torí ẹni tó ń tajà látàárọ̀ kò ráyè ìwé olójú méjì. Síbẹ̀ mo ṣì fẹsẹ̀ rìn lónìí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Lágéré, mo gba Mayfair, mo dé Sábó, mo wá parí rẹ̀ sí Mọdákẹ́kẹ́. Bàtà mi ti gbó, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ohun tí mo ń lọ bá wọn sọ kò pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ìlú wa níṣẹ́ tó ń ṣe nílé. Tí a bá ní kó dúró títí di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan wà níbì kan tó ń retí rẹ̀. Òun ló ń lọ mú àbúrò rẹ̀ wálé láti jẹ́léósinmi. Òun ló ń pọnmi. Òun ló ń dúró ti ìsọ̀ kí ìyá lè ráyè kírun Àsárì. Àwa olùkọ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àkókò yẹn ṣófo kí bọ́ọ̀lù tó dé. Kò ṣófo rárá. Ilé la ti ń mú un, ẹni tó ni ín ló sì yẹ ká tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má di pé ó ń bínú ká tó wá máa bẹ̀bẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Sábó ló là mí lójú sí i. Ó rí mi lókèèrè, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò sí o?” Ó ti rò pé ọmọ òun ló dẹ́ṣẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan mà, pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá: ìgbà wo lẹ nílò ọmọ yìí jù lọ? Ó dákẹ́ díẹ̀. Bóyá ẹnikẹ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo bá lọ kó ọjà ni. Mi ò lẹ́ni tó máa jókòó sísọ̀ lọ́jọ́ náà.” A wá fẹnu kò pé lọ́jọ́ tó bá lọ kó ọjà, ọmọ náà ò ní wá sí ìgbáradì, mi ò sì ní kà á sí ẹni tó sá. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, “Ẹ ò ní yọ orúkọ ẹ̀?” Mo ní, “Mi ò ní yọ ọ́, mà.” Ó wọn gàrí fún mi, ó kọ̀ kò gbowó.

Nǹkan mìíràn tí ìwé kò lè mọ̀ ni ẹni tó ni àṣẹ nínú ilé. Orúkọ bàbá ló wà nínú fọ́ọ̀mù ọmọkùnrin kan, Èkó ni bàbá náà ń gbé, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Mọdákẹ́kẹ́ lọmọ ń sùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń jẹun. Tí màmá yẹn bá ní kò lọ, ìbuwọ́lùwé ti Èkó kò wúlò fún wa. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ tẹnu mi. Ó bi mí ta ni yóò mú un wálé bí ilẹ̀ bá ṣú. Mo ṣàlàyé pé àwọn ọmọ àdúgbò kan náà yóò máa rìn pọ̀, pé kò sẹ́ni tó máa dá gun ọ̀kadà, àti pé bí òjò bá ká wa mọ́lé ẹ̀kọ́, èmi fúnra mi ni màá pe ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún bi mí bóyá eré ìjà ni. Mo ní bí ọmọ kan bá rú òfin eré sí ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò kúrò lórí pápá. Màmá ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún pọ̀ jù. Mi ò fi òótọ́ pamọ́ fún un: sìmẹ́ńtì ni pápá wa, ọrùn ẹsẹ̀ máa ń rọ́, ìka ọwọ́ máa ń wú. Ó gbà kí ọmọ náà wá. Mo gbàgbọ́ pé bí mo bá ti ní kò séwu kankan ni, kò ní gbà.

Ọ̀rọ̀ àìlera ni mi ò jẹ́ sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sì jẹ́ kọ ọ́ sórí WhatsApp. Ní kọ̀rọ̀ ni mo ti ń béèrè. Jẹ̀nótáìpù ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ní ikọ́ fée? Ṣé ó ti dákú rí níbi tó ti ń sáré? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ti kú lójijì nígbà tó ṣì kéré? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń le lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń ṣàìsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ló máa ń pa ọ̀dọ́ lórí pápá, mo sì gbọ́dọ̀ béèrè. Àwọn òbí mìíràn gbà pé tí ọmọ bá ti jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ ti parí. Òótọ́ ni pé ọmọ AS lè gbá bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bí a bá fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní nínú oòrùn, tí kò sì mumi, ó lè dá a dúbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fi máa rọrùn, tí a ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọmọ tó bá ní ara ń dun òun yóò jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní ọ̀lẹ.

Owó ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ ló ni jẹ́ẹ̀sì. Kánfáàsì tó bá ti mọ́lẹ̀ dáadáa ti tó. Owó ọkọ̀ lọ Iléṣà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló kù, mo sì ti sọ ọ́ báyìí kó má bá ẹnikẹ́ni lójijì. Mo sọ èyí náà pé ọmọ méjìlá ló máa wà lórúkọ, márùn-ún péré ló ń wà lórí pápá, ogójì ìṣẹ́jú sì ni gbogbo eré. Ọmọ ẹlòmíràn lè wọ ọkọ̀ lọ Iléṣà kó má gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ó dára kí òbí gbọ́ ọ lẹ́nu mi nísinsìnyí.

Gbogbo bàbá tó mọ eré yìí ló ń dárúkọ Hakeem Olajuwon fún mi. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ Èkó ni, pé òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì, pé ó gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ikọ̀ Houston ní 1994 àti 1995. Èmi kì í fi orúkọ rẹ̀ tọrọ ọmọ. Òun nìkan ni Olajuwon, ìwé sì wà níwájú àwọn ọmọ wa. Àwọn tó wà ní SS3 máa gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní sáà kejì nítorí WAEC, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá kan ní Lágéré, aránṣọ, kò tíì gbà. Ọmọbìnrin ni tirẹ̀, ó gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó ń kọminú sí aṣọ. Mo sọ fún un pé láti 2017 ni FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ti fàyè gba ìborí, pé ọmọ náà lè wọ híjáàbù àti ṣòkòtò gígùn nílé ẹ̀kọ́ wa. Mo bá a sọ̀rọ̀ D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, tí wọ́n sì jẹ́ ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé kọ́tà-fáínà básíkẹ́ẹ̀tì Òlíḿpíìkì, ní Paris lọ́dún 2024. Ó tẹ́tí gidi. Ó ní òun fẹ́ bá ìyá ọmọ àti ẹ̀gbọ́n òun sọ ọ́ ná. Mi ò tì í. Mo ní tó bá wù ú, kó rán ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀ bó ṣe fẹ́ kó rí. Ó béèrè irú aṣọ tó dára, mo ní èyí tó fúyẹ́, tó ń fa òógùn.

Nígbà tí mo délé, mo tún àkókò ìgbáradì tò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ la máa lò, a ó sì parí ní aago márùn-ún dípò márùn-ún ààbọ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Jímọ̀. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni máa dé Adé Àrè lọ sí Òkè Mọgún, kò ní sí ìgbáradì, torí ọ̀nà ò ní gba ẹsẹ̀, àwọn ìyá tó ń tajà sì máa nílò ọmọ wọn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ mìíràn lọ. Mo ti fi ohùn sọ ọ́ sórí WhatsApp. Àwọn òbí kan ti ń dáhùn. Ìyá elélùbọ́ béèrè bóyá ọmọ náà lè mú omi dání láti ilé.