Ṣéńjì ₦800 tó sọ̀ mí kalẹ̀ lórí òkè Adó-Àwáyè

Ẹ yin Olúwa o! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pariwo ẹ̀ dáadáa, torí bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ni, ìyàwó mi ì bá ti máa wọ aṣọ dúdú báyìí, ẹ̀yin náà ì bá ti kọ RIP sábẹ́ fọ́tò mi. Àná ni wọ́n já POP, símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, kúrò lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá já a ni màá jẹ́rìí. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ariwo máṣíìnì àti ti jẹnẹrétọ̀ ti wọ̀ mí lórí, kàlẹ́ńdà ò tíì tán ìwé ìpè ìgbéyàwó ti dé, oníbàárà kan á tún ní àwọ̀ pupa òun ò pupa tó. Ọkàn mi ṣáà ń fẹ́ ibi tó dákẹ́. Mo ti gun Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, mo ti gun Ìdànrè pẹ̀lú àtẹ̀gùn ẹ̀ tó ju 600 lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí orí mi wú. Mo ní òkè Adó-Àwáyè ló kàn, màá sì sùn síbẹ̀, èmi nìkan. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi: mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi àti àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ gbàdúrà lórí òkè. Irọ́ ni. Báàgì nìkan ló wà lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ní ìparí oṣù kẹta ni, mo wọ mọ́tò l'Ójóta, mo bọ́ sílẹ̀ n'Íbàdàn, mo wọ ti Ìsẹ́yìn, láti Ìsẹ́yìn ni mo ti gun ọ̀kadà dé Adó. Áàpù inú fóònù mi ya oòrùn gbàgàdà, kò sí òjò kankan níbẹ̀. Nísàlẹ̀ òkè mo yà lọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta àmàlà, mo jẹ ₦1,200, mo fún wọn ní ₦2,000, wọn ò ní ṣéńjì. Mo ní ẹ mú un lọ́wọ́ mà, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la màá gbà á, ẹ sì bá mi fi ṣàkì kan pamọ́. Wọ́n ní "ìwọ nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní "òjò àkọ́rọ̀ mà ń bọ̀ o, ọmọ mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo fi fóònù hàn wọ́n.

Wọ́n ní àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nígbà tó fi máa tó igba, èémí ò jẹ́ kí n mọ iye mọ́. Ṣùgbọ́n òkè yẹn dùn ún wò! Adágún Ìyákẹ wà lórí àpáta lókè lọ́hùn-ún, omi ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe jìn tó, èmi náà ò wádìí. Òkúta Ìṣàgẹ̀ dúró létí àpáta míì bí ẹni pé ọmọdé lè fi ìka tì í ṣubú. Wọ́n ní tí ọ̀dá bá dá, aṣọ funfun ni wọ́n ń fi bò ó kí òjò lè rọ̀. Mo wò ó, kò sí aṣọ lára ẹ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn. Òmùgọ̀ èèyàn.

Ìṣó tẹ́ǹtì ò wọ àpáta, mo bá fi òkúta tẹ okùn ẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi tó rì díẹ̀ ni mo sì yàn torí atẹ́gùn. Ẹ ò rí i pé mi ò gbọ́n? Àpáta kì í mu omi bí ilẹ̀, gbogbo òjò tó bá bọ́ sí i, ibi tó rì yẹn ló ń wá.

Aago méje kọjá díẹ̀, ọ̀nà ìlà oòrùn ṣú bí ìdí ìkòkò. Mànàmáná kọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí àrá tó sán, ení, èjì, títí mo fi dé ẹẹ́ẹ̀dógún. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta ni kìlómítà kan, kìlómítà 5 nìyẹn, mo ní ó ṣì jìn. Mo tún kà á, mo dé ẹẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò tíì pe "èjì" tán tó fi sán gbààà! Ìjì ló kọ́kọ́ dé, ó gbé tẹ́ǹtì tòun tèmi nínú ẹ̀, omi tẹ̀ lé e. Mo sá jáde torí mi ò fẹ́ di irin tẹ́ǹtì mú nínú àrá, àpáta ti ń yọ̀ bí ilá, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì gbọ́ ọ, kéé, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Fóònù fò lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì rí i dòní.

Mo wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan, mi ò sá sábẹ́ igi, ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní lóru yẹn nìyẹn. Òtútù tó mú mi, ará Ṣómólú kan ò lè mọ̀ ọ́n, àwa tí ooru ń sè lóru tí wọ́n bá ti mú iná. Jíǹsì rin gbindin, eyín mi ń lu ara wọn. Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti fi nylon tí a fi ń di kàlẹ́ńdà wé súwẹ́tà kan àti ṣòkòtò kan, kì í ṣe pé mo ro nǹkan kan o, ọwọ́ mi ṣáà mọ́ ọn ni. Mo bọ́ gbogbo ohun tó tutù kúrò lára, ìhòhò goloto nínú òjò, mo wọ gbígbẹ, mo fa nylon bo orí. Ìyẹn ni mo fi wà láàyè. Mo kọrin, mo gbàdúrà, nígbà tí orin tán mo ń ka táìmù tébù kí n má bàa sùn lọ, méje lọ́nà mẹ́jọ ló ń dà mí láàmú.

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, mi ò mọ ọ̀nà àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu. Mo mú síbí, mo ń lu agolo mílíìkì kí ẹnì kan lè gbọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn là, ó tún fẹ́ yan èmi tí òtútù ò pa.

Nísàlẹ̀ ńkọ́? Màmá ti rokà tán, ṣàkì mi wà nínú ìkòkò, aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù, wọn ò rí mi. Wọ́n ní ọmọ Èkó kì í fi owó sílẹ̀ lọ. (Wọn ò parọ́. Ká ní Ojúẹlẹ́gbà ni, kọ̀ndọ́ ì bá ti bá ₦800 yẹn fò mọ́ bọ́ọ̀sì lọ.) Wọ́n bá rán ọmọkùnrin wọn, "gbé ṣéńjì yìí lọ bá bọ̀dá yẹn lókè, kó má rò pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀." Ọmọ yẹn gbọ́ agolo, ó wá a títí, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni "ẹ kú ìjókòó sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣéńjì?"

Ẹkún ni mo bú sí.

Ó pọ̀n mí, èmi tí mo tó kílò 90! Ó ń ka àtẹ̀gùn jáde lẹ́nu kó lè gbàgbé bí mo ṣe wúwo tó, ó bá a dé 371, mo ní 369 ni wọ́n ń sọ, a ò tíì yanjú ẹ̀ dòní. Nísàlẹ̀ mo fi fóònù ẹ̀ pe ìyàwó mi. Ó ní, "Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì dà? Mo pàdé alága yín lọ́jà láàárọ̀." Ìyẹn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀, a ti rò ó, ó ti tán, mo ti bẹ̀bẹ̀.

Egungun ọrùn ẹsẹ̀ ló sán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé POP. Sunday tó ń bọ̀ la máa dúpẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bàrígà, gbogbo yín ni mo pè. Mo pe màmá náà, mo ní màá rán mọ́tò, wọ́n ní ta ni kó wá bá àwọn rokà. Àmàlà la máa sè o, àmàlà àti ṣàkì, ẹni tó bá ń retí ráìsì kó yáa jẹun nílé kó tó wá.