Màmá Ń Bọ̀, Itan Mi Ò Gbà

Ẹni tó bá ju kettlebell lánàá, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má wá kí i lónìí. Àdúrà tí mò ń gbà fún gbogbo obìnrin Kubwa nìyẹn.

Ẹ mọ irin ọ̀hún: rogodo ni, ó ní ọwọ́ lórí. Àwọn ará Rọ́ṣíà fi í wọn ọkà lọ́jà wọn kí àwọn alágbára ibẹ̀ tó sọ ọ́ di ohun ìdánrawò. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ló ń jù ú tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ń já bọ́. Mo ní ṣé kò ní sọ èèyàn di gìrìpá ọkùnrin? Ó ní rárá, hòmóònù tó ń mú iṣan ọkùnrin wú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wa. Kìlógíráàmù 8 ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo dé ọjà Wuse, 8 ti tán, 16 ló kù, ẹni tó ń tà á sì bá mi dín owó rẹ̀. Ìlọ́po méjì ohun tí mo wá rà, ní ẹ̀dínwó! Yorùbá wo ló máa fi ìyẹn sílẹ̀?

Wọn kì í fi ọwọ́ gbé e. Èèyàn á ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, á wá fi ìbàdí gbá irin náà síwájú títí dé ọ̀kánkán àyà. Ìdí àti ẹ̀yìn itan ló ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Mallam ẹnu géètì wa yọjú, ó ní "Sannu, Hajiya," ó sì yára padà síbi rédíò rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ara mi yá gágá. Irọ́ ni! Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀; ọjọ́ kejì, ìkẹta, ló ń le jù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, páìpù omi ni mo dì mú kí n tó lè jókòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀sán ni fóònù dún: Màmá ti Ìlọrin dé Zuba.

Ká lọ sílẹ̀ ò le, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fà mí.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Dìde, ìyàwó mi. Ọlọ́run á gbé ẹ sókè."

Mo sì ń retí kó gbé mi lóòótọ́. Màmá tún ní kí n dìde. Itan mi ò dáhùn. Ojú wọn yí padà, wọ́n kọjú sí ọkọ mi tó gbé iṣu dání.

"Kí lo fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ?"

"Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan o!"

"Kò ṣe nǹkan kan, ó wá ń kúnlẹ̀ báyìí?"

Òógùn bo ọkọ mi. "Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Kuje yẹn ni, mo ti fẹ́ sọ fún un tẹ́lẹ̀."

"Ilẹ̀ wo?" Láti ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti pariwo. Mo fẹ́ fò dìde, kò ṣeé ṣe. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, tí Màmá ń mi orí: "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Inú ń bí i tó báyìí, síbẹ̀ kò dìde níwájú àgbà."

Ọkọ mi àti Mallam ló jọ fà mí dìde. Màmá bi mí léèrè ohun tó ṣe mí, mo nawọ́ sí irin náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan gbé e, wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kíṣínì.

Mo ti ra 8 báyìí. Kìlógíráàmù kan ò tíì dín lórí ìwọ̀n, torí bí ọ̀rá ṣe ń lọ ni iṣan ń dé, àmọ́ ìró tí kì í yí mi ká tẹ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́ kù. Orúkọ mi náà ti wọ ìwé ilẹ̀ Kuje. Tí Màmá bá sì ti ń bọ̀, ọkọ mi ló ń sáré ṣáájú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà: "Màmá, ẹ má jẹ́ kó kúnlẹ̀ o, ẹ kàn dì mọ́ ọn!"