Ẹni tí kì í tòògbé

Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ẹni tó bá mi jiyàn kí n tó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀. N ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí kòrónà, orí fóònù ni mo ti ń wo ìsìn: mò ń din ẹyin, mò ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà ní Èkó nínú oṣù kẹjọ, n ò lọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan di méjì, ó di ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fura, torí ní Èkó tiwa yìí, èèyàn lè pe "Ọlọ́run á ṣe é" nígbà ogún lóòjọ́ kó má bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ́fíìsì wa ní Marina, owó tó wọlé la fi ń mọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màámi ni wọ́n wá sọ́dọ̀ mi ní Ṣómólù. Wọn ò ríran kàwé mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n na Bíbélì wọn sí mi, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Bíbélì àtijọ́ ni, ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n túmọ̀ parí ní 1884, tí àmì tó rí bí ejò kékeré máa ń wà lórí lẹ́tà. Èmi tí mo gba dìgírì, mò ń kọsẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú Sáàmù 121, mo dé ibi "tõgbe", mo pè é ní "tógbè". Màámi bú sẹ́rìn-ín.

"Tòògbé ni! Ìwọ tí ò ń tòògbé nínú mọ́tò lójoojúmọ́, o ò mọ̀ ọ́n kà?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ n ò lè kà á lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, dánfó CMS ti gbé mi dórí Third Mainland Bridge, orí mi á máa gbá fèrèsé títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan wá wà nínú ìwé yìí tí kì í tòògbé. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀yin náà bá ń ronú àtipadà, ẹ má tíì máa wá ṣọ́ọ̀ṣì kiri. Ẹ ka Bíbélì sókè ní èdè tí ìyá yín fi ń gbàdúrà, kí etí yín gbọ́ ọ. Ẹsẹ mẹ́wàá ti tó. Kí fóònù wà ní yàrá kejì. Mo gbìyànjú àtikà á lórí fóònù, àlàátì bánkì ni kò jẹ́. Iyèméjì ńkọ́? Ẹ má fi pamọ́. Mo bi màámi ìdí tí bàbá mi fi kú lẹ́yìn gbogbo ààwẹ̀ tá a gbà. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n ní, "Èmi náà ṣì ń bi Í."

Ojú wọn ti là báyìí. Wọ́n gbé Bíbélì wọn padà sí Ìjẹ̀bú, mo ra tèmi. Bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n á pè mí: "Ibo lo kà dé?" Lánàá, mo ní ó ti rẹ̀ mí, n ò kà á.

"Ó dáa," ni wọ́n wí, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. "Èmi ni máa kà á fún ọ."