Ohun tí mo kọ́ nípa ìpayà tí kì í kúrò lára lẹ́yìn ìjàǹbá

Ní Ìkòròdú, àwọn ilé ṣì wà tí wọn ò tíì gbàgbé ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí ẹni tó ń sùn. Ẹni tó la ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi já, ẹni tí wọ́n jí gbé, obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, irú ìpayà kan náà lè bá gbogbo wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ló ní àìsàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́, ó lè má rí oorun sùn, kó máa ta gìrì, kó máa lá àlá burúkú. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn. Tó bá ti ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tàbí kó bá ará ilé gbé dáadáa, ìyẹn ni àwọn dókítà ń pè ní PTSD, orúkọ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi sínú ìwé wọn lọ́dún 1980.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà á máa padà wá bí ẹni pé ìsinsìnyí gan-an ló ń ṣẹlẹ̀. Á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ìfẹ́ ọmọ tirẹ̀ pàápàá lè kú lọ́kàn rẹ̀. Á máa bínú òjijì. Bí àwọn ọmọdé bá yin bánǹgà lóṣù Kejìlá, á ti dojú bolẹ̀. Á sì máa sá fún ohunkóhun tó lè rán an létí. Ẹ ó rí ìyá tó ti kó ọlọ kúrò ní kíṣìnì pátápátá, tó sì ń dìde lóru ṣáá láti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Sísá yẹn ló ń fún àìsàn náà lágbára. Bó bá ti sá, àyà á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ara á wá gbà pé sísá ló gba òun là. Kò ní rí àyè mọ̀ pé ewu ti kọjá.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi dandan mú un sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fara mọ́ kí wọ́n jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìjàǹbá kó ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ, ibi tó lè sùn sí láìbẹ̀rù, ẹnì kan tó fọkàn tán nítòsí, ìwọ̀nyí ló nílò. Ẹ má sáré fún un ní diazepam kó lè sùn: ó ń di bárakú, kì í sì í wo PTSD. Ògógóró àti tramadol burú ju ìyẹn lọ. Bí ìrántí bá gbé e lọ lójijì, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ ní kó dárúkọ nǹkan 5 tó ń rí, kó fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka 4, kó tú u jáde títí ẹ ó fi ka 6.

Ìtọ́jú gangan, ọ̀rọ̀ ni, lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Oríṣi kan wà tó máa ń gba ìgbà 8 sí 15, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aláìsàn á dijú, á sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ẹni pé ó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, á máa gbọ́ ọ nílé. (Ẹ má dán apá yìí wò láìsí olùtọ́jú.) Yàtọ̀ sí ìyẹn, á kọ gbogbo ohun tó ń sá fún sílẹ̀, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100 bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe tó.

Ká ní ọkọ̀ ojú omi ni. Dídúró ní èbúté Ìpakodò kó máa wo àwọn ọkọ̀ lè jẹ́ 40. Jíjókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, 65. Líla omi kọjá sí Èkó, 95. Ibi 40 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó dúró níbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 30 sí 45, títí ẹ̀rù yóò fi dín kù dé bí ìdajì, kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kó sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù wà lókè, tàbí kí àwọn ẹbí tì í lọ sí 95 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dídi ọwọ́ èèyàn mú ní gbogbo ìgbà náà ń dí i lọ́wọ́. Ti life jacket yàtọ̀ o. Gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ló yẹ kó wọ̀ ọ́.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni sertraline: 25 tàbí 50 míligíráàmù lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀, kì í ju 200 lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè mú ìrìndọ̀ àti orí fífọ́ wá, àǹfààní rẹ̀ sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó hàn. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ni kó dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ máa gbàdúrà, kò bá ìtọ́jú jà rárá. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n de èèyàn mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ebi àti àìsùn wo ìpayà, torí ńṣe ni wọ́n ń mú un le sí i. Bó bá sì sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti General Hospital Ìkòròdú, kí ẹ gba ìwé lọ sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yaba. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yaba dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ilé wá, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá jókòó níwájú dókítà, ẹ dárúkọ ìjàǹbá náà. Bí aláìsàn bá sọ orí fífọ́ àti àìrí oorun sùn nìkan, oògùn ibà ni wọ́n lè kọ fún un.